Agolo Wàrà fún Ọ̀gá Ọmú

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kejì

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́ ìránṣọ, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ wá ibi jókòó kí ẹ tó ka èyí, torí mi ò fẹ́ kí ẹ̀rín bì yín lulẹ̀: àbúrò yín ti di ìyàwó! Ìyàwó o! Kì í ṣe àdéhùn, kì í ṣe "ó kù díẹ̀". A ti fọwọ́ síwèé, mo ti kó wọlé, orúkọ mi ti yí padà lára páálí ìdánimọ̀ tí mò ń fi kọ́rùn níbi iṣẹ́. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí mi gun àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Kí lo kó síbẹ̀? Àbí o jí màlúù kan gbé kúrò lóko ni?" Mo ní, "Ìyàwó lo fẹ́, ẹrù ìyàwó ń kọ́?" Àwa méjèèjì jókòó sórí àtẹ̀gùn, a rẹ́rìn-ín títí ará ìsàlẹ̀ fi ṣílẹ̀kùn wò wá.

Yàrá kan ni, Àǹtí mi, ṣùgbọ́n ẹ bá mi pè é ní ààfin. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe. Kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tí ẹ rán fún mi nígbà tí mò ń bọ̀ wá sílẹ̀ òkèèrè yìí ló wà níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, oòrùn á gba inú rẹ̀ kọjá, gbogbo yàrá á dà bí inú ewé. Mo máa ń dùbúlẹ̀, mo máa ń wò ó, mo máa ń wo ọkọ mi, mo tún máa ń wò ó. Mo fọ abọ́, mo rẹ́rìn-ín. Mo gbálẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lẹ kúkú sọ mí ní Ẹlẹ́rìn-ín láti kékeré, ẹ̀yin lẹ fà á.

Oko màlúù tí mò ń ṣiṣẹ́ ni mo ti rí i. Òun ló ń wa ọkọ̀ àgbá tó ń gbé wàrà lọ sílé iṣẹ́. Èmi, àwọn ọmọ màlúù ni wọ́n fi sábẹ́ mi. Bí abo màlúù bá bí lónìí, lọ́túnla wọ́n á mú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, torí wàrà ìyá, títà ni. Mo máa ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ po wàrà oníyẹ̀fun sínú bákẹ́ẹ̀tì tó ní orí ọmú onírọ́bà, wọ́n á sì máa fà á, wọ́n á máa ju ìrù. Ìyá á dúró nídìí ọgbà, á ké fún bí ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà á gbàgbé, á padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Ẹ bá mi wo àwọn ọmọ mi, wọ́n ń dán bíi bàtà tuntun!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti bí? Ọkùnrin ni àbí obìnrin? Inú ń bí mi sí yín díẹ̀ o, ẹ ò kọ̀wé láti ìgbà tí inú yín ti wúwo. Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́. Ẹ bá mi kí Màmá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹni tí wọ́n ní kò mọ ìbùsùn tẹ́ ti ń tẹ́ ti ẹni méjì.

Èmi ni, ìyàwó ilé onílé,
Ẹlẹ́rìn-ín


Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta

Ẹlẹ́rìn-ín, ìyàwó òṣìngín,

Ojú rẹ á rí ohun rere nílé ọkọ. Màmá ní kí n ka lẹ́tà rẹ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo dé ibi ìbùsùn, wọ́n ní, "Ọmọ yìí ò lójútì," wọ́n sì ní kí n tún ibẹ̀ kà.

Ọkùnrin ni. Ó ti lé lóṣù méjì. Bàbá rẹ̀ ń pè é ní Ọ̀gá Ọmú, torí kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Fọ́tò rẹ̀ wà nínú àpò ìwé yìí.

Ìdí tí mi ò fi kọ̀wé nìyí. O rántí pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé èyí àkọ́kọ́, tí kò dúró. Èyí náà, abẹ ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ilé ọmọ mi ti ya lójú àpá àtijọ́. Wọ́n rán an. Mo sùn sílé ìwòsàn títí mo fi mọ ohùn gbogbo ìlẹ̀kùn ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ sílé, nọ́ọ̀sì àgbà jókòó tì mí, ó ní, "Ìyá Ìkókó, aránṣọ ni yín, ẹ̀yin lẹ máa yé mi jù. Aṣọ tí wọ́n rán lẹ́ẹ̀mejì lójú kan náà, ṣé ẹ lè fà á?" Mo ní rárá. Ó ní, "Oyún kò gbọdọ̀ wọ inú ibẹ̀ fún ọdún méjì. Tó bá wọ̀ ọ́, ó lè ya, kó sì gbé ẹ̀yin àti ọmọ lọ."

Ẹ̀jẹ̀ mi ṣì ń ru, wọn ò tíì mọ irú ìfètòsọ́mọbíbí tó máa bá mi lára mu. Ó ní títí di ìgbà náà, ọmú ni kí n gbára lé: ọmú nìkan, tọ̀sán tòru, nígbàkígbà tó bá béèrè, kò gbọdọ̀ mu omi, kò gbọdọ̀ mu wàrà mìíràn. Ó ní bí ọmọ bá ń fà á bẹ́ẹ̀, tí mi ò sì rí nǹkan oṣù, ọmú fúnra rẹ̀ á máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún mi títí tó fi máa pé oṣù mẹ́fà. Nígbà náà kí n padà wá.

Nítorí náà mò ń jókòó, ó ń fà á. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti di ilé aláǹtakùn. Àwọn oníbàárà ń bọ̀ wá wo aṣọ tí mi ò tíì gé. Ìyá kan ní, "Ìyá Ìkókó, ṣé ẹ̀yin lẹ bí ọmọ yìí ni àbí òun ló gbà yín síṣẹ́?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ti rù, àbúrò mi. Òrùka mi ń bọ́ sínú omi ìfọṣọ. Bàbá Ìkókó ń lẹ táìsì sílẹ̀ ilé onílé ní ìlú òkèèrè, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé.

Mi ò béèrè nǹkan kan. Rántí mi nínú àdúrà.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta

Àǹtí mi, Ìyá Ọ̀gá Ọmú!

Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú àbọ̀ láti ibi tí ẹ lọ yẹn. Mo ka ti ilé ọmọ tó ya, mo gbé lẹ́tà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sunkún dáadáa. Ọkọ mi ní, "Ẹkún ò sàn ju ẹrù lọ." Mo ní òótọ́ lo sọ. Mo nu ojú, mo wọ bàtà, a jáde lọ rajà!

Àǹtí mi, ẹ wo ọrùn yín nínú fọ́tò yẹn! Ẹ wo egungun tó yọ níbẹ̀ bí ìkọ́ aṣọ! Ọmọ yẹn dára, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dà bí búrẹ́dì tó wú, ṣùgbọ́n ara yín ló ń bù jẹ. Ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí èmi wà láyé, tí mo sì lọ́kọ! Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tó ń bọ̀ nílé ló máa gbé páálí kan fún yín. Agolo wàrà ọmọdé ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, èyí tó ní àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín. Ìgò ìmuwàrà ọmọ mẹ́rin, orí ọmú rẹ̀ rọ̀ ju etí yín lọ. Ìrẹsì, ẹja inú agolo, bísíkíìtì, wàrà àwọn àgbà, òróró. Tiyín ni oúnjẹ yẹn o, kì í ṣe ti àlejò!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń fojú ara mi rí fún yín. Oríṣi màlúù méjì ló wà lóko wa. Àwọn kan wà ní ẹ̀yìn oko tí ọ̀gá fi ọmọ sílẹ̀ fún, torí ẹran wọn ló ń tà. Ọmọ ń fà wọ́n látàárọ̀ ṣúlẹ̀, egungun ìhà wọn ṣeé kà láti ojú títì. Àwọn tiwa tí mo gbọmọ lọ́wọ́ wọn ń kó ẹran sára, ọmọ náà ń kó ẹran sára. Ìyá ń sinmi, ọmọ ń yó! Kí ló wá burú nínú ìyẹn? Ẹ fún un ní tinú agolo lọ́sàn-án kí ẹ lè jókòó sídìí ẹ̀rọ yín, kí ẹ fún un lọ́mú láàárọ̀ àti lálẹ́. Nọ́ọ̀sì yẹn kò tíì rí páálí mi ni!

Ẹ máà kọ̀ ọ́ o. Tẹ́ ẹ bá kọ̀ ọ́, mi ò ní jẹun.

Mo ní nǹkan láti sọ nípa ọkọ mi àti adìẹ díndín tó jó, ṣùgbọ́n ìwé ti tán, ẹ̀rín ò tíì tán.

Ẹlẹ́rìn-ín yín


Ọjọ́ kẹta, oṣù Karùn-ún

Ẹlẹ́rìn-ín mi,

Ẹrù dé pípé, ìgò kan ṣoṣo ló fọ́. Ọlọ́run á bá mi san án fún ọ àti fún ọkọ rẹ.

Mo kọ́kọ́ to agolo náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mò ń wò wọ́n, wọ́n ń wò mí. Màmá ní, "Kí lò ń dúró dè? Àbúrò rẹ wà níbi tí wàrà ti ń jáde, ṣé nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n jù ú lọ ni?" Bàbá Ìkókó ní, "Ṣebí kò ní kó má mu ọmú mọ́. Àárọ̀ àti alẹ́ ṣì wà níbẹ̀." Mo bá ara mi sọ ọ́ pé ọmú lọ́mú ń jẹ́, lẹ́ẹ̀mejì ni o, lẹ́ẹ̀mẹwàá ni o. Mi ò sì tíì rí nǹkan oṣù kankan. Mo ní bí mi ò bá ti rí i, olùṣọ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

Àfi bí idán. Ọ̀gá Ọmú mu ìgò kan tán, ó gùfẹ̀, ó sùn títí mo fi lọ gbé etí mọ́ imú rẹ̀. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ń dún, inú mi ń dùn. Ìyá tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ti gba aṣọ rẹ̀, ó dákẹ́. Mò ń jẹ ìrẹsì rẹ, mò ń jẹ ẹja rẹ, òrùka mi ti padà há. Ní òpin ọ̀sẹ̀, Bàbá Ìkókó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ màdáàmù, ìyàwó mi tó rù ńkọ́?" Mo ní, "Ó ti kó lọ." Ó ní, "Ẹ má pè é padà."

O ṣeun, àbúrò mi. O gbà mí.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ, tó ti ń sanra


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Karùn-ún

Àǹtí mi,

Ẹ dá fífún ọmọ ní wàrà agolo dúró. Ẹ dá a dúró lónìí. Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó ka ìyókù.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá, mo sì jó nínú yàrá. Mo gbé ayọ̀ yẹn lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Dókítà ẹran wà níbẹ̀, ó ń yẹ inú àwọn màlúù wò. Mò ń dá àpárá, mo ní, "Dókítà, kí ló ṣe àwọn tiwa tí wọ́n ń gun ara wọn kiri, tí wọ́n ń wá akọ bí ẹni tí wọ́n fi ata sí nídìí, tí àwọn ti ẹ̀yìn oko sì dákẹ́ bí ìyá àgbà?"

Ó ní, "Ọmọ wà lọ́dọ̀ àwọn yẹn. Nígbà tí ọmọ bá ń fa ọmú, ọmú ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ọpọlọ á tú nǹkan kan sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń pe wàrà, á sì fawọ́ sẹ́yìn nínú èyí tó ń jí ẹyin. Ẹyin á máa sùn. Tí ìyá náà bá tún rù, ara rẹ̀ á ní oúnjẹ kò tó fún ẹnìkan, áńbọ̀sì ẹni méjì. Bó o bá fẹ́ kó tètè lóyún, gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kó o bọ́ ọ yó. Kí lo rò pé ọ̀gá yín ń fi wàrà oníyẹ̀fun ṣe?"

Mo ní, "Ṣebí à ń fi ẹ̀rọ fún ọmú àwọn tiwa náà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀rọ ò jọ ẹnu ọmọ. Ọmọ ń wá nígbàkígbà. Ẹ̀rọ, àárọ̀ àti alẹ́ ni."

Àárọ̀ àti alẹ́. Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí yín gan-an nìyẹn.

Mo bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí lára ènìyàn. Ó ní ohunkóhun tó bá ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, ọ̀nà kan náà ni. Bákẹ́ẹ̀tì bọ́ lọ́wọ́ mi, wàrà ṣàn kọjá lábẹ́ bàtà rẹ̀.

Mo ti lọ síbi tẹlifóònù. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú títì yín kò wọlé, wọ́n ní wáyà ti já. Ẹ gbé ọmọ padà sí ọmú. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ sọ fún Bàbá Ìkókó pé kó dúró síbi táìsì rẹ̀, ẹ sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kó bínú sí mi. Ẹ má dúró de nǹkan oṣù kí ẹ tó ṣọ́ra.

Ẹ kọ̀wé padà kíákíá, ẹ jọ̀wọ́.

Ẹlẹ́rìn-ín


Ọjọ́ kẹta, oṣù Keje

Àǹtí mi,

Ṣé lẹ́tà mi dé? Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni lẹ́tà máa ń lò. Ó ti lé. Mo máa ń bá ọkọ̀ ọkọ mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́, ọkùnrin ibẹ̀ ti mọ ojú mi, ó máa ń mi orí kí n tó sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá ń bínú, ẹ kọ ọ́. Ẹ bú mi. Ẹ kọ "òmùgọ̀" kan ṣoṣo sórí ìwé kí ẹ fi ránṣẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yín ń jẹ mí lára. Ọkọ mi ní bóyá kò sí nǹkan kan, bóyá ẹ̀rọ yín ń dún ni ẹ kò fi ráyè. Mo ní kó rí bó o ṣe wí o.

Ẹ ṣàánú mi.

Ẹlẹ́rìn-ín


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Keje

Ẹlẹ́rìn-ín,

Lẹ́tà rẹ dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì àgbà wà níbẹ̀. Ó fọwọ́ tẹ̀ mí nísàlẹ̀ ikùn, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì lọ fọwọ́. Ó ń fọwọ́ fún ìgbà pípẹ́, kò sì yíjú sí mi. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn.

Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ kan ò kán sílẹ̀ lára mi." Ó ní, "Ẹyin ló ń kọ́kọ́ jáde, ẹ̀jẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń dúró de ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ló ń dúró dè." Ó ní, "Kí lẹ fún un?" Mo ní wàrà agolo. Ó ní, "Ta ló fún yín?" Mo tún ìró mi ró.

Bàbá Ìkókó wálé lọ́jọ́ Sátidé. Mo sọ fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó rántí. Mo rí ẹ̀rín yẹn bó ṣe ń kú lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó jáde síta, ó ń to àwọn àfọ́kù táìsì kan láìsí ẹni tó rán an.

Dókítà ní kí n máa sùn, kí n má gbé omi, kí n má jókòó sídìí ẹ̀rọ. Wọ́n á fi abẹ gbé ọmọ kó tó di pé ìrọbí bẹ̀rẹ̀, bí àpá bá lè dúró dìgbà náà. Mo gbìyànjú láti gbé Ọ̀gá Ọmú padà sí ọmú. Ó fi eyín rẹ̀ méjèèjì ge mí jẹ. Kò ju omi díẹ̀ lọ tó ń jáde.

Kì í ṣe nítorí ìbínú ni mi ò fi kọ̀wé. Mi ò rí ọ̀nà tí mo lè gbà kọ ọ́ tí kò ní gún ọ. Ṣùgbọ́n o ní kí n bú ọ, nítorí náà màá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan: mo kọ ọ́ sí ọ. Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, mo kọ ọ́, kò sí èyí tí mo fò. O wo ọrùn mi nínú fọ́tò, o ò ka lẹ́tà. Ṣùgbọ́n èmi náà kọ ọ́, èmi náà ò sì kà á. Ọ̀rọ̀ yẹn ti tán láàárín wa.

Màmá kò mọ̀ pé ewu wà. Inú wọn ń dùn. Má kọ ọ́ sí wọn.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án

Àǹtí mi,

Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí nígbà púpọ̀. Gbogbo ìkíni tí mo mọ̀ ló dà bí yẹ̀yẹ́ lórí ìwé. Ẹ kú ara. Ẹ kú ìdúró.

Mo bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n gbé mi kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ màlúù. Ó ní ta ló máa po wàrà? Mo ṣì ń pò ó. Èyí tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ níjẹta wà nídìí ọgbà, ó ń ké. Mo kọ sí yín nígbà kan pé wọ́n máa ń gbàgbé lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Mo dúró tì í lónìí, mo wo ojú rẹ̀. Kò gbàgbé, Àǹtí mi. Ohùn rẹ̀ ló há.

Mo fẹ́ wálé. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde. Bí mo bá jáde, mi ò ní lè padà wọlé bá ọkọ mi. Ó ní kí n lọ, òun á máa dúró. Ẹ sọ pé kí n wá, màá wá.

Ìròyìn mìíràn wà tí mi ò ní kọ. Kò tọ́ kí n kọ ọ́ báyìí.

Ṣé ẹ ń sùn dáadáa? Ṣé ẹ kò gbé omi? Ta ló ń gbé Ọ̀gá Ọmú?

Àbúrò yín


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kejìlá

Àǹtí mi,

Oṣù mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ọ̀rọ̀ kan fún yín, ìbáà jẹ́ aládùúgbò. Mi ò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ kàn kọ ọ́ pé ẹ wà.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kínní

Ẹlẹ́rìn-ín,

Mo wà. Mo kọ́kọ́ kọ ìyẹn kí o lè ní agbára láti ka ìyókù.

Àpá kò dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù tí wọn ì bá fi gbé e. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, mò ń ká aṣọ Ọ̀gá Ọmú, nǹkan kan sì ya nínú mi. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń ya aṣọ. Mo mọ ohun tó jẹ́ kí ìrora tó dé. Ọkọ̀ ọkùnrin tó ń ta bẹ́ẹ̀dì ló gbé mi. Bẹ́ẹ̀dì tuntun ni wọ́n tẹ́ mi sí, ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ọkùnrin náà sì ń sọ ní gbogbo ọ̀nà pé kí n má ronú nípa bẹ́ẹ̀dì.

Obìnrin ni. Bàbá rẹ̀ rí i. Èmi ò rí i. Ó ní ó ní irun púpọ̀.

Wọ́n yọ ilé ọmọ náà kúrò. Dókítà ní kò sí ibi tí abẹ́rẹ́ lè dì mú mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, wàrà dé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó rin aṣọ mi, ó rin bẹ́ẹ̀dì. Mo bi nọ́ọ̀sì àgbà pé báwo ni wàrà ṣe ń dé sílé tí kò sí ọmọ, tí kò sí ilé ọmọ. Ó ní ọpọlọ ló ń rán an, ọpọlọ ò mọ̀ ju pé nǹkan kan ti jáde lọ. Ó mú báńdéèjì wá, ó ń dì mí láyà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ọwọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ wò ó, olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti padà sẹ́nu iṣẹ́." Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó jáde kúrò ní yàrá.

Má wá. Ohun tí o máa wá ṣe ti tán. Dúró ti ọkọ rẹ.

Àti ìròyìn tí o ní o ò ní kọ. Ọkọ rẹ ò lè pa ẹnu mọ́, ó ti kọ ọ́ sí Màmá. Mo gbọ́, mo sì rẹ́rìn-ín. Bi Màmá. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ ni láti ìgbà yẹn, ó dùn mí lójú abẹ. Mi ò fẹ́ kí o fi inú yẹn pamọ́ fún mi bí ẹni jí nǹkan. Tó bá dé, gbé e mọ́ àyà, jẹ́ kó fà á bó ṣe fẹ́. Bí wọ́n bá ní o ti rù, jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Jẹun, kí o sì jókòó sílé.

Nígbà tí mo dé láti ilé ìwòsàn, Ọ̀gá Ọmú rìn wá pàdé mi. Ó ti ń rìn. Mo jókòó sílẹ̀, mo tú báńdéèjì, mo gbé e sórí ẹsẹ̀. Àyà mi le bí òkúta, ó ń ro, ó ń kán. Mo rò pé ó kéré tán kí ẹnìkan mu ún. Ó wò ó. Ó fi ìka kan tọ́ ọ, ó fi ẹnu tọ́ ìka náà wò, ó sì yí ojú rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà ó sọ̀kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, ó lọ síwájú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, ó ń wẹ̀yìn wò mí pé kí n wá ṣí i.

Mo ṣí i. Mo po tirẹ̀ fún un. Ṣíbí ti ń kan ìsàlẹ̀ agolo.

Fi òmíràn ránṣẹ́.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ